Àpáta Tí A Fi Tọ́ọ̀ṣì Kùn

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Ẹsẹ̀ mi máa ń wú díẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì igba lójúmọ́ fún òtẹ́ẹ̀lì kò lè retí kí ẹsẹ̀ òun dà bí ti ọmọge. Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín? Ẹ má kàn dá mi lóhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹ kà á, kí ẹ sọ iye tó kù nínú páálí fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Mo ti ra kámẹ́rà. Àlòkù ni, téèpù ni wọ́n fi di ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tó. Dírẹ́bà tó ń kó aṣọ ìdọ̀tí wá sí ilé ìfọṣọ wa, àgbà ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló kó bá mi. Ó fi fọ́tò kan hàn mí. Igi kan ṣoṣo ló wà láàárín pápá, òru ni, ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run, síbẹ̀ igi náà ń tàn bí ẹni pé oòrùn yọ fún òun nìkan. Mo ní, "Ta ló tan iná sí i?" Ó ní, "Èmi ni. Mo fi tọ́ọ̀ṣì kùn ún."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ó gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú òkùnkùn biribiri, ẹ ó ṣí ojú rẹ̀, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, ẹ ó mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ ó máa rìn, ẹ ó máa fi iná rẹ̀ ra igi tàbí àpáta lára díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kun ògiri. Ibi tí iná bá kàn ni yóò hàn. Ibi tí kò bá kàn, òkùnkùn ló ni ín. Tí ẹ bá sì ń rìn láìdúró, kámẹ́rà ò ní rí yín rárá.

Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko olóko. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ dán an wò. Mo ṣí kámẹ́rà, mo sáré lọ bá àpáta, mo kùn ún bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ ọ̀dà fún. Àfi bí mo ṣe rántí pé mi ò pa fóònù mi. Mo dúró láti wò ó. Nígbà tí fọ́tò jáde, àpáta funfun báláú bí ẹyin tí wọ́n bó, ìwin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan sì dúró níwájú rẹ̀ tí iná fóònù ń tàn lójú rẹ̀. Ìwin yẹn, ọmọ yín ni. Dírẹ́bà wò ó títí, ó ní, "Àpáta yẹn ò ṣẹ̀ ọ́. Kí ló dé tó o fi ìyà jẹ ẹ́ báyìí?"

Mo fi fọ́tò náà sínú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi han télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Oògùn ku mọ́kànlá. Ó yẹ kó ku mẹ́sàn-án. Má bi mí léèrè ohun tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kejì ká mi lára. Ìwọ obìnrin, ìwọ nìkan, lẹ́bàá oko olóko, lóru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, tí ò ń sáré yí àpáta ká. Bí wọ́n bá mú ọ, kí lo fẹ́ sọ fún wọn? "Ẹ má bínú, mò ń kun àpáta"? Bí ẹnì kan bá sọ irú ẹ̀ fún mi lẹ́yìn ilé mi, màá ti kígbe olè kó tó parí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ni mo rò pé o bá lọ síbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ti dúró ti áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀, ibùsùn ló yẹ kó kọrí sí, kì í ṣe àpáta. Jọ̀ọ́, fi ọkàn mi balẹ̀, fi eré yẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá nìyẹn. Ó ku ọ̀rọ̀ fọtógíráfà. Fọ́tò yẹn burú. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ya fọ́tò, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Iwájú àpáta gan-an lo dúró sí tó o ti ń tan iná. Àṣìṣe nìyẹn. Iná tó bá ti iwájú wá, ṣe ló máa ń tẹ nǹkan pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ ni kó o gbà wá, kí òjìji lè bọ́ sínú àwọn ihò rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àpáta máa tó ní ara. Má sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dúró sójú kan. Ẹni tó ń bomi rin òdòdó kì í da gbogbo omi sídìí ẹyọ kan.

Àbí o rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Kí wọ́n tó bí ọ, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ pè mí pé kí n wá ya inú gbọ̀ngàn àwọn. Gbọ̀ngàn náà gùn bí ọ̀nà oko, fíláàṣì mi ò sì ju ẹyọ kan lọ. Mo ní kí wọ́n pa gbogbo iná. Mo ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀, mo ń rìn láti ìdí ẹ̀rọ kan dé ìdí ẹ̀rọ kejì, mo ń yin fíláàṣì. Iṣẹ́ ọ̀hún dára, àfi ibi kan tí mo ti dúró nu òógùn. Ọ̀gá wọn wo fọ́tò náà, ó ní ta ni ọkùnrin tí kò lórí tó dúró sídìí ẹ̀rọ kẹfà yìí. Mo ní ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín ni. Ó ní, "Abájọ tí iṣẹ́ wọn ò fi lórí."

Télọ̀ ti rí fọ́tò rẹ. Mi ò fi hàn án o, òun ló rí i. Ó ní kí n kí ọ, ó sì ní ṣé ara rẹ yá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìtọ́ni. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí àpáta, mi ò jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró. Bàbá, àpáta náà ní ara! Gbogbo ìhunjọ rẹ̀ jáde bí ojú àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo kígbe, ajá kan sì dá mi lóhùn. Kí n tó mọ̀, ọdẹ tó ń ṣọ́ oko náà ti dé, ó na tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ sí mi lójú, ó ní kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Gbogbo àlàyé tí mo ti tò sílẹ̀ sá lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, mò ń kun àpáta." Ó wò mí, ó wo àpáta. Ó ní, "Ọ̀dà rẹ dà?"

Ẹ̀rín pa dírẹ́bà tó jókòó sínú ọkọ̀. Kò jáde wá gbà mí o.

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Èyí, ẹ lè fi han télọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ti wà nínú mi fún ọdún méjìlélógún. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti dé ibí, ṣé-ara-le, ṣé-ẹ-lo-oògùn là ń kọ ránṣẹ́ síra wa. Nínú lẹ́tà kan ṣoṣo yìí, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ ju gbogbo ọdún tí mo fi gbé lọ́dọ̀ yín lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí? Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́jọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá òkùnkùn tí ẹ ti ń fọ fíìmù láìkànkùn, tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, tí fíìmù ìgbéyàwó àwọn ará òkè ọ̀nà bàjẹ́. Ẹ fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú ìyàwó náà, ẹ ní, "Ọmọ yìí ló ba fọ́tò yín jẹ́." Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́. Mo gbà pé ọwọ́ mi ni kò dáa. Mo kó ọwọ́ tí kò dáa náà wá síbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá kan aṣọ, aṣọ ò ní bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù fún yín. Títí di òní, kí n tó tẹ bọ́tìnì, mo máa ń kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn bóyá wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Inú pápá ni o. Ibi tí kò sí ilẹ̀kùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Fóònù yín ò wọlé. Mo pe télọ̀. Obìnrin tó máa ń fi wákàtí kan gbáko sọ ìtàn bí ewúrẹ́ rẹ̀ ṣe jẹ páálí bọ́tìnì fún mi, ó kàn ní, "Wọ́n wà, wọ́n wà," ó sì pa fóònù.

Tó bá jẹ́ ohun tí mo kọ ló bí yín nínú, ẹ má bínú, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Rárá, mi ò kó o jẹ. Mo ti kọ ọ́ tán kí n tó rí i pé irọ́ ni. Ẹ ṣáà kọ ìwé sí mi. Ẹ bú mi, ẹ kàn kọ ọ́ sínú lẹ́tà ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Kì í ṣe ọwọ́ mi lo ń rí yìí. Télọ̀ ló ń bá mi kọ ọ́. (Èmi ni, ọmọ dáadáa. Má bínú pé mo pa fóònù mọ́ ọ létí. Wọ́n mú mi búra pé mi ò gbọdọ̀ sọ.)

Lẹ́yìn tí mo rí fọ́tò rẹ kejì, ara mi ò gbà á. Mo ní ọmọ mi tó ń lọ aṣọ ya irú èyí, kí lèmi ń ṣe nílé? Mo gbé kámẹ́rà mi àtijọ́, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí ìdí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Mo ṣí ojú kámẹ́rà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo ń kùn, mo ń wo òkè bí ẹni tí ilẹ̀ ò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lóòótọ́ ni ilẹ̀ ò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Gọ́tà ni. Mo bọ́ sínú rẹ̀ gbì, ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún ṣẹ́, ẹsẹ̀ mi há sáàárín òkúta méjì. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi wà níbẹ̀. (Iná tọ́ọ̀ṣì tí mo rí lójú fèrèsé mi ni kò yé mi, tó dúró sójú kan. Mo kọ́kọ́ rò pé olè ni. Mo mú omorogùn dání lọ síbẹ̀.)

Gbogbo ìgbà yẹn, ojú kámẹ́rà là sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá mi padà láti ilé ìwòsàn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá òkùnkùn, mò ń pàṣẹ, télọ̀ ń fọ fíìmù nínú ilé. (Oògùn yẹn ń rùn.) Fọ́tò jáde. Àwọn ìràwọ̀ fa ìlà tó tẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀run, torí ayé ń yí. Àpáta ò hàn dáadáa. Ẹni tó hàn kedere, tó hàn dé orí irùngbọ̀n, ni bàbá arúgbó aláṣọ funfun kan tó sùn gbalaja sínú gọ́tà, tó gbá tọ́ọ̀ṣì mọ́ àyà. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń sọ fún aráyé pé "Ẹ má mira", débi pé àdúgbò fi pè mí. Ọjọ́ tí èmi náà gbọ́ràn sí ara mi lẹ́nu, wò ó bí fọ́tò ṣe dára tó.

Ìyá mi, mi ò rẹ́rìn-ín nínú gọ́tà náà o. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo máa kú sí. Ohun tó ń dùn mí ju ọwọ́ lọ ni ìbéèrè rẹ. Gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Fíìmù ìgbéyàwó yẹn ti bàjẹ́ kó o tó ṣílẹ̀kùn. Èmi ni mi ò fi ẹnu rẹ̀ há dáadáa nínú kámẹ́rà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì kúrò lójú kan títí di alẹ́. Odindi ọjọ́ ìgbéyàwó, òfìfo ni mò ń tẹ bọ́tìnì lé lórí, tí mò ń sọ fún wọn pé "Ẹ rẹ́rìn-ín." Mo ti mọ̀ nígbà tí mo wà nínú yàrá òkùnkùn. Mo dúró síbẹ̀, òógùn bò mí, mò ń ro irọ́ tí mo máa pa. Ìgbà náà lo ṣílẹ̀kùn. Ṣe ni mo fò mọ́ ọ bí ẹni tí odò ń gbé lọ tó rí igi. Mo lé ọ kúrò nídìí kámẹ́rà lẹ́yìn náà torí pé nígbàkígbà tí mo bá rí ọ nítòsí rẹ̀, ojú mi ò lè gba ojú rẹ. Ọwọ́ rẹ ò ní nǹkan kan tó ṣe é.

(Mo dáwọ́ kíkọ dúró níbí. Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n kọ èyí náà?" Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.)

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ìyá mi,

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ èyí. Bó bá dà bí ẹsẹ̀ adìẹ, fara dà á. Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí mi ò gbúròó rẹ. Mi ò bi ọ́ léèrè ìdí ẹ̀.

Mo wá ìyàwó ìgbà náà lọ. Ìwé àti bírò ló ń tà báyìí, nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ni mo bá wá. Ó ní, "Ìgbéyàwó èwo?" Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un, mo ti ń wá ibi tí màá wólẹ̀ sí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní ọkùnrin yẹn ò lò ju ọdún mẹ́ta lọ tó fi kó ẹrù ẹ̀, àti pé nígbàkígbà tí òun bá rántí pé kò sí fọ́tò kankan tí òun tún máa fi rí ojú ẹ̀, ṣe ni òun máa ń ṣàdúrà fún ọmọ tó ṣílẹ̀kùn yẹn. Mo ní kì í ṣe ọmọ náà o, èmi ni. Ó ní kí n má gba àdúrà ọmọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo ti rò pé tí mo bá ti kúrò níbẹ̀, ara á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Kì í ṣe òun ni mo ṣẹ̀ jù.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ọwọ́, ẹ kú ewu gọ́tà.

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo kọ sí yín tí mo fà ya. Àkọ́kọ́ ò ní ìkíni nínú; ẹ mọ bí inú ṣe bí mi tó nìyẹn. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, mò ń ro ọ̀rọ̀ yín, aṣọ náà jó yọ sí òdìkejì. Ẹni tó bí mi náà ló bí mi nínú; ta ni n ó fẹjọ́ sùn? Ọdún méjìlélógún, Bàbá. Mo kúnlẹ̀ fún obìnrin yẹn lórí ilẹ̀ olókùúta. Ẹ dúró tì mí, ẹ ń wò mí.

Mo bá dírẹ́bà lọ sí ìdí àpáta lọ́jọ́ Sátidé. Mo tẹ bọ́tìnì láìwẹ̀yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo rìn, mo kùn, mo gba ẹ̀gbẹ́, mo gba òkè, ọwọ́ mi ò dúró rárá. Mo mọ̀ pé fọ́tò tí màá fi ṣèrántí ayé mi nìyí. A lọ wò ó. Dúdú kìrìbìtì. Mi ò ṣí ìdérí ojú kámẹ́rà. Mo wò yíká pápá bóyá mo lè rí ọmọ kékeré kan tí màá di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Kò sí. Ẹ̀rín bá pa mí, mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi, dírẹ́bà rò pé orí mi ti yí. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kò sẹ́ni tó lè bá yín du ọmọ yìí.

Mi ò tíì dárí jì yín tán. Ó ku díẹ̀, ẹ má kán mi lójú.

Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá délé ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án. Ẹ ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi fíìmù sínú kámẹ́rà nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kó má há, kó má já. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Tèmi tí mò ń lò ò ní fíìmù. Lẹ́yìn náà, a jọ máa lọ sí ìdí àpáta ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Orí àga lẹ ó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ẹ ó máa ka ìṣẹ́jú. Èmi ni màá rìn. Ẹ má tún kó aṣọ funfun yẹn wọ̀ wá o, ó máa ń gba iná sára, á sì ba iṣẹ́ jẹ́. Aṣọ dúdú ni kẹ́ ẹ wọ̀, láti orí dé ẹsẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹjọ

Ìyá mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì ń kà á lọ. Má kánjú dárí jì mí. Èmi tí mo fi òótọ́ pamọ́ fún ọdún méjìlélógún, mi ò lè ní kí o ṣe é lọ́sẹ̀ méjìlélógún.

Wọ́n ti tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ń dùn mí tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ó lè fi fíìmù sínú kámẹ́rà. Mo ti dijú, mo ti gbìyànjú rẹ̀ nígbà márùn-ún kí n má baà tẹ́ lójú rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló há. Mo sọ fún ọ kó o lè mọ irú ọ̀gá tó o fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Mi ò ní aṣọ dúdú kankan, ni mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ bá télọ̀. Mo ní kó rán bùbá àti ṣòkòtò dúdú fún mi, pẹ̀lú fìlà dúdú, kó má fi bọ́tìnì tó ń dán sí i. Ó gbé sísà sílẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Bàbá, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ọmọ mi ló ń bọ̀ wálé.

Bàbá rẹ.